Ilé ń pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ṣé owó ìlú ló ń kọ́ ọ ni?

Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ló máa ń wí i: "Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ o, tó o bá dé Òde báyìí o lè máà mọ̀nà ilé yín mọ́, ilé alájà ni lọ́tùn-ún lósì, owó wà nílùú jàre." Wọ́n á wá kó fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, ẹsitéètì tuntun lápá Ṣàgámù, géètì dúdú, intalọ́ọ̀kì tó ń dán, àwa tá a wà ní Dublin níbí á máa mirí, ẹni tí ò sì tíì ra pílọ́ọ̀tì kan ò ní rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ilé ń pọ̀ lóòótọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Èyí tí ò rí bẹ́ẹ̀ ni pé bílé ṣe ń pọ̀ yẹn lowó ìlú ṣe ń pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lọ́dún 2015 yúrò kan ò ju nǹkan bí 220 náírà lọ ní báǹkì. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2023 ìjọba ní kí náírà máa wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà, kí 2024 sì tó parí, yúrò kan ti ń lọ sí bí 1,600. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yúrò tó jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ nígbà yẹn ti di bíi mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún. Ẹ máa sọ pé sìmẹ́ńtì náà gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó fò kọjá 10,000 náírà láwọn ibì kan, irin ń gun òkè, páànù ń gun òkè, ṣùgbọ́n owó òṣìṣẹ́ ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù ní 2015 tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, 18,000 ni, ìyẹn yúrò ọgọ́rin àti díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé e dé 77,000 ní 2024, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ sí yúrò kẹ́ ẹ wò ó, kò pé àádọ́ta. Lébìrà, bíríkìlà, kápẹ́ńtà, iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn ti dọ̀pọ̀ lójú ẹni tó ń ti òkè òkun fowó ránṣẹ́. Nítorí pé apá ará ilé ò ká a mọ́ ni tiwa ṣe ká a, òun lẹ ń wò tẹ́ ẹ ń pè ní ìlọsíwájú yẹn.

Ilé kan wà ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, dúpíléèsì oníyàrá márùn-ún, ẹni tó ni ín wà ní Kánádà. Ọmọ Kútọ̀nù tó ń ṣọ́ ọ ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì, orí intalọ́ọ̀kì ló ń sá láfún sí, ó gbin ewédú sí ẹ̀gbẹ́ sókàwéè, ó sì ń ta á fáwọn ará àdúgbò. Ikán ti wọ igi òrùlé, POP pálọ̀ ti já nígun kan, ẹ̀rọ bóhòlù dákẹ́ torí kò sẹ́ni tó ń tàn án. Ìgbà Ojúde Ọba nilé yẹn máa ń rí èèyàn, tó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá jẹnẹrétọ̀ á máa dún, ẹgbẹ́ régbérégbé á rọ́ wọlé tàwọn taṣọ wọn, ẹja á máa dín, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ó ku olùṣọ́ nìkan àti láfún ẹ̀.

Wọ́n á ní kíkọ́lé ń fáwọn èèyàn níṣẹ́. Ó ń fún wọn, kí wọ́n tó kun ọ̀dà tán. Lẹ́yìn ọ̀dà, ta ló tún ń gbowó níbẹ̀? Ẹni tó ń yan gàrí ń yan án lọ́dọọdún, àwọn oníṣòwò obì ní Sábó Ṣàgámù ń di ẹrù ránṣẹ́ sókè Ọya látọdúnmọ́dún, irú ìyẹn ló yẹ ká máa bèèrè pé ó ń lọ sókè àbí ó ń relẹ̀.

Àwọn tó ń ka ìròyìn á tún sọ fún yín pé lọ́dún 2025 tí NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣírò nǹkan, tún ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ṣírò, ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ wọ ipò kẹta nínú ohun tó ń mówó wọlé, ó fi epo rọ̀bì sílẹ̀ sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú irú ìṣirò yẹn, ní gbogbo ayé ni o, tí èèyàn bá ń gbé ilé ara ẹ̀, wọ́n á kà á bíi pé ó ń san rẹ́ǹtì fún ara ẹ̀, wọ́n á sì fi kún un. Owó tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rárá.

Àwa tó wà ní Ireland tún ní ìbẹ̀rù tiwa, pé ọjọ́ kan gbogbo ẹ̀ á wó lulẹ̀ bíi tibí. Níbí, báǹkì ló ń yá wọn lówó tí wọ́n fi ń kọ́lé bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, nígbà tó di 2008 báǹkì dùbúlẹ̀, iye owó ilé já dé bí ìdajì, ẹsitéètì tí wọn ò kọ́ parí tí wọ́n kà ní 2010 lé ní 2,800, ìjọba ní láti lọ yáwó lọ́dọ̀ IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, àti Yúróòpù. Ti Ìjẹ̀bú ò lè rí bẹ́ẹ̀, torí kò sí báǹkì nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ yáwó kọ́lé nígbà tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fúnra ẹ̀ gbé èlé dé 27.5% lóṣù kọkànlá 2024? Owó ọwọ́ la fi ń kọ́ ọ, ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, dẹ́kìn lọ́dún mẹ́ta sí i, nítorí náà kò ní wó, á kàn jókòó síbẹ̀ ni, koríko á hù nínú pálọ̀, owó ọmọ èèyàn á sì sùn sínú bulọ́ọ̀kù.

Mi ò tiẹ̀ sọ pé ilé ti pọ̀ jù. Ẹ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí yunifásítì wọn, OOU, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fa yàrá kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fáktìrì lápá Ṣàgámù náà ń wá yàrá àti pálọ̀ tápá wọn máa ká. A ò kọ́ ìyẹn, dúpíléèsì là ń kọ́, èèyàn tó ń gba 77,000 ò sì lè háyà dúpíléèsì láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí gbọ́ gbogbo àlàyé yìí lẹ́nu mi, wọ́n ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ibi tí wọ́n á ti gbàlejò lọ́jọ́ òkú àwọn làwọn ń kọ́. Ìyẹn yé mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ yàrá méje, wọ́n ní àbúrò àwọn tó wà ní Houston ti kọ́ mẹ́fà.