Odò tó kún jù lọ́dún 2021 ló tún fà jù lọ́dún 2023: kí ló ń ṣe omi igbó Amasónì?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ayé tó ń gbóná ló wà nídìí odò tó ń kún àkúnya ní Bùràsíìlì, òun náà ló tún wà nídìí odò tó ń gbẹ. Báwo ni ohun kan ṣe lè máa mú omi wá kó tún máa gbé omi lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká mú odò kan ṣoṣo, Rio Negro, tó ń gba ìlú Manaus kọjá láàárín igbó Amasónì. Láti ọdún 1902 ni wọ́n ti ń wọn gíga omi rẹ̀ ní èbúté ìlú náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ó ga dé mítà 30.02, kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ó já wálẹ̀ sí mítà 12.70, kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó tún ti lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọdọọdún ni odò náà máa ń kún tó sì ń fà, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Pé ó kún jù, ó sì fà jù, láàárín ọdún mẹ́rin péré, ló ń ba ni lẹ́rù.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ wò. Bó bá fi dígírì Celsius kan gbóná sí i, omi tó lè gbà mọ́ra á fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin ara ewé àti ti ilẹ̀ bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń fa omi ara aṣọ tí a sá. Níbi tó bá sì ti tú u sílẹ̀, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe òkun ni òjò ti ń wá ni? Kí ló kan igi níbẹ̀?

Ìdáhùn: Òkun Àtìláńtíìkì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sí ìlà-oòrùn igbó náà kì í dúró síbẹ̀. Gbòǹgbò á fà á, á gòkè dé ewé, ewé á tú u jáde gba ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀fúùfù á sì gbé e lọ síwájú kó tún lọ rọ̀. Igi ńlá kan lè tú tó lítà 300 jáde lójúmọ́. Ní àwọn ọdún 1970, Eneas Salati, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Bùràsíìlì, yẹ ọ́síjìn inú omi òjò wò láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn igbó náà. Ó rí i pé nǹkan bí ìdajì òjò ibẹ̀ ni igbó fúnra rẹ̀ ń tún lò. Bí ẹ̀fúùfù ọ̀hún bá wá kan òkè Andes ní ìwọ̀-oòrùn, á yà sí gúúsù, á lọ rọ òjò sí àwọn oko tó wà lápá ibẹ̀. Ẹni tó ń gé igbó yìí kó lè gbin sóyà, òjò oko ara rẹ̀ ló ń gé.

Ìbéèrè: Gbòǹgbò igi ńlá jìn. Ṣé ọ̀dá lè rí wọn mú?

Ìdáhùn: Ó máa ń pẹ́. Ní agbègbè Paragominas, ní ìlà-oòrùn igbó náà, àwọn tó gbẹ́lẹ̀ wò bá gbòǹgbò níbi tó jìn ju mítà 8 lọ, tó ń mu omi tí òjò àná tọ́jú sísàlẹ̀. Àmọ́ ní gúúsù igbó náà, ẹ̀ẹ̀rùn ti fi nǹkan bí oṣù kan gùn ju ti ogójì ọdún sẹ́yìn. Omi ìsàlẹ̀ ń lọ tán kí òjò tó dé. Igi á wá pa ihò ewé rẹ̀ dé kó má bàa kú. Ó gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò tú omi sókè mọ́, òjò á sì wọ́n igbó tó wà níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: El Niño ni mo gbọ́ pé ó fa ti 2023.

Ìdáhùn: El Niño, ìyẹn ìgbà tí òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, lọ́wọ́ sí i. World Weather Attribution, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wádìí ipa tí ìyípadà ojú ọjọ́ ń kó nínú ọ̀dá àti àkúnya omi, ṣírò rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024: El Niño àti ìyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n jọ dín òjò kù, ìpín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ooru tó fa omi ilẹ̀ gbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìyípadà ojú ọjọ́ nìkan ló ni ín.

Ìbéèrè: Bí òjò bá tún rọ̀, ṣebí odò á kún padà?

Ìdáhùn: Á kún, àmọ́ ohun tó kú kò ní jí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, adágún Tefé, nínú igbó Amasónì náà, fà débi pé omi rẹ̀ gbóná kọjá dígírì 39. Ara ènìyàn pàápàá kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ àfi bí ibà bá dá a. Dólífìnì tó lé ní 150 ló kú síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Odò sì ni títì àwọn ará ibẹ̀: ọkọ̀ ojú omi jókòó sórí iyanrìn, oúnjẹ kò wọlé, àwọn ará etídò ń wá omi mímu kiri. Lẹ́bàá Manaus, ojú ènìyàn tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ sára àpáta yọ síta, èrò sì ń wọ́ lọ wò ó. Ní tèmi o, ì bá kúkú wà lábẹ́ omi.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá gbin igi padà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́. Igbó tí wọ́n fi sílẹ̀ kó hù padà kì í dúró dìgbà tó bá dàgbà tán kó tó máa tú omi sókè. Àmọ́ gbòǹgbò tó jìn kì í hù lọ́dún kan, àwọn igi kékeré yìí ni ọ̀dá á sì kọ́kọ́ mú. Èyí tó yá jù ni kí iná má wọ igbó tó ṣì dúró. Igbó tútù kì í déédéé gbiná. Ọwọ́ ènìyàn tó ń sun oko àti pápá màlúù ni ọ̀pọ̀ jù lọ iná ibẹ̀ ti ń wá.