Kẹ́ ẹ tó sanwó Boxster àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ ka sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Àbúrò kan wa Boxster, ọkọ̀ Porsche kan, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní London lọ́jọ́ kan, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, Boxster S ni o, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀, lóòótọ́ S, ìyẹn àmì èyí tí agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ju ti Boxster lásán lọ, wà níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kun kálípà bíréèkì ẹ̀ ní pupa bíi ti S gidi. Ni mo bá wo orí gíà, márùn-ún péré ni wọ́n yà síbẹ̀. Boxster S onígíà ọwọ́, gíà mẹ́fà ló máa ń ní. Mo tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀yìn, ẹnu èéfín kan ṣoṣo, ti S méjì ni. Owó S ló san, ẹ́ńjìnnì 2.7 ló gbé wálé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un, mo kọ́kọ́ ní kó jókòó.

Ohun tó dùn mí ni pé ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá fi mọ̀. Lórí Boxster ayé ìgbà yẹn, ìyẹn 986 tí wọ́n ṣe láti 1996 títí dé 2004, àti 911 tí wọ́n ń pè ní 996 tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Porsche lẹ sítíkà funfun kékeré kan sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú (ẹ ò ní bá ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ o, buutù ni), wọ́n sì lẹ ìkejì ẹ̀ sínú ìwé sáfíìsì. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí ẹ̀, irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti nọ́ńbà ọ̀dà ẹ̀ náà wà níbẹ̀, L741 fún àpẹẹrẹ dúdú ni, tí wọ́n bá wá fi pupa hàn yín lórí ọkọ̀ tí sítíkà ẹ̀ pè ní dúdú, ẹ bi wọ́n léèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà oní-mẹ́ta-mẹ́ta tó tò rẹrẹ, ìwọ̀nyẹn gan-an ni àwọn ẹ́sítírà tí ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ yẹn ní tuntun sanwó fún. 249 ni Tiptronic, ìyẹn gíà tó ń yí fúnra ẹ̀, 030 ni sọkọ́ tó le tó sì lọ sílẹ̀, 601 ni iná iwájú Litronic tó mọ́lẹ̀ ju ti lásán lọ, 476 ni PSM tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lójú ọ̀nà, 550 ni òrùlé líle ti Boxster. Lórí 911, 220 ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ní limited slip, ohun tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo máa yí lásán. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún: C00 Jámánì, C02 Amẹ́ríkà, C16 ibí yìí.

Ẹ má wá gbára lé sítíkà nìkan, torí àwọn èèyàn ń tẹ ayédèrú ẹ̀ tà. Èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti èyí tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jọra, nọ́ńbà orí wọn sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ọkọ̀ mu. Tí ìkan bá ti sọnù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á lọ bá díílà Porsche kí wọ́n fi nọ́ńbà ọkọ̀ wo bó ṣe jáde. Tó bá ń yí ẹnu, ẹ̀yin náà ẹ máa yí ẹsẹ̀ yín padà sílé.

Nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Léẹ́tà kẹwàá ni ọdún, Y jẹ́ 2000, 1 jẹ́ 2001, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ìkọkànlá ni ibi tí wọ́n ti tò ó: S ni Stuttgart, U ni Uusikaupunki ní Finland, torí Valmet ló bá Porsche to ọ̀pọ̀ Boxster. Àwọn kan ti bi mí rí bóyá ti Finland jẹ́ fàyàwọ́. Rárá o, ọkọ̀ kan náà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ bú ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ wá tà á ní ọ̀pọ̀.

Ẹ wá gbọ́ o, pé ẹ́sítírà pọ̀ kò túmọ̀ sí pé owó ẹ̀ máa pọ̀. Owó tí ẹni àkọ́kọ́ san lórí sítẹrió àti ìjókòó agbónára ní 2001 ti lọ, kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Gíà ọwọ́ dípò Tiptronic ló ń mówó gorí, òrùlé líle tí wọ́n bá kó mọ́ ọkọ̀ náà dáa, lórí 911 sì ni 220, tàbí X51 tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí lórí ìwé kẹ́ ẹ tó gbà. Ìyókù, adùn lásán ni.

Èyí tó ju ẹ́sítírà lọ ni rìsíìtì. Ẹ́ńjìnnì M96 tó wà nínú àwọn ọkọ̀ yìí ní bẹ́ríìnì kan tí wọ́n ń pè ní IMS, ẹ̀yìn lọ́dọ̀ọ́ clutch ló fara pamọ́ sí, tó bá fọ́ ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn. Wọ́n pe Porsche lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀, àwọn ọkọ̀ 2001 sí 2005 lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń fọ́ o, púpọ̀ ẹ̀ ló ń sá lọ láìsí wàhálà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa tú gíà sílẹ̀ torí bẹ́ríìnì nìkan, ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ clutch ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ pọ̀. Torí náà rìsíìtì tó ní clutch àti IMS papọ̀, owó ni. 996 Turbo àti GT3 ò ní wàhálà yìí rárá, ẹ́ńjìnnì tiwọn yàtọ̀, ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n wọ́n.

Ẹ tún lọ sí GOV.UK, ẹ tẹ nọ́ńbà plate ọkọ̀ sínú MOT history, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe lọ́dọọdún níbí, ọ̀fẹ́ ni, ó lọ títí dé 2005. Ẹ máa rí máìlì tó wà lórí ọkọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ ka àwọn ìkìlọ̀ kéékèèké tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà, tí wọ́n bá ti kọ páìpù bíréèkì tó ń dípẹtà lọ́dún mẹ́ta léra tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ẹ ti mọ irú ẹni tó ni ọkọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, èmi ni mo ń ṣe é: kẹ́ ẹ jẹ́ ká so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti 2000 síwájú ń ka wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ó sì ń ka ìgbà tí wọ́n fi agbára sá a kọjá àlà. Ìpele kínní kò burú jù, ẹni tó ń wà á ló ń tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ìpele kejì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ìyẹn ni ẹni tó fẹ́ já sí gíà kẹrin tó wá já sí ìkejì. Ó tún máa sọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, tó bá ti pé ní wákàtí ẹgbẹ̀rún kan sẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì sì ń dún dáadáa, ó ti yè é. Ẹ wá fi wákàtí yẹn pín máìlì. Ká ní wọ́n ní máìlì 48,000 ló wà lórí ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ní wákàtí 4,000, máìlì 12 ní wákàtí kan nìyẹn. Ṣé inú gó-sílóò Ọ̀ṣọ́dì ló ti ń wa Porsche ni? Wọ́n ti dá máìlì yẹn padà.

Ní ti iye tó yẹ kẹ́ ẹ san, iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tí wọn ò tíì tà, ìfẹ́ ọkàn ẹni tó ń tà á nìyẹn. Iye tí wọ́n ti tà á lẹ ń wá, ní àwọn ibi gbàǹjo tó ń fi iye ìparí hàn bíi Collecting Cars. Hagerty, iléeṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ àtijọ́, náà ní ìwé iye fún ibí, ó pín ipò ọkọ̀ sí mẹ́rin, láti orí èyí tó dáa jù wá sílẹ̀: Concours, Excellent, Good, Fair. Gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló ń pe tiẹ̀ ní Excellent, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mò ń gbé sókè níbí Fair ni, díẹ̀ ni Good. Ẹ wá mẹ́fà tó jọ tiyín ní ọdún, ẹ́ńjìnnì, gíà àti máìlì. Ká ní ó bọ́ sí £9,000, àpẹẹrẹ ni o. Clutch àti IMS kò tíì ṣe, ẹ yọ owó ẹ̀. Taya mẹ́rin ti lọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò iwájú, ewé máa ń rà síbẹ̀ tó ń jẹ rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà ẹ́ákọ́ńdíṣọ̀n, ẹ yọ ìyẹn náà. Tó bá kù £6,300, £6,300 lẹ máa pè, ẹ kó ìṣirò yín sọ́wọ́ bẹ́ ẹ ti ń pè é.

Àbúrò yẹn ṣì ń wa ọkọ̀ ẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ní kí n bá òun yọ S yẹn kúrò lẹ́yìn.