Gíláàsì Ẹ̀gbẹ́ Mọ́tò Tó Rún Wẹ́wẹ́ Kì Í Ṣe Feki

Ọjọ́ tí gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jíìpù mi fọ́, mi ò sí nínú ọkọ̀. Mo gbé e sí etí títì ní Òkè-Fíà, mo wọ ilé oògùn lọ. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níbẹ̀. Kí n tó sanwó tán, mo gbọ́ ìró kan, pòó, bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ bẹ́. Nígbà tí mo fi máa jáde, ojú wíńdò ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti ṣófo, gíláàsì ti dà sórí àga, ó dà sílẹ̀. Òkúta tí ẹ̀rọ náà ta kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ. Orí àga náà ni mo ti rí i.

Highlander ọdún 2003 ni ọkọ̀ mi. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò yẹn gan-an ni Kẹ́hìndé máa ń jókòó sí, Táyé a wà lápá òsì. Mo bu gíláàsì náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo rọra pa ọwọ́ dé. Ó ń họ mí lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gé mi. Ó rí wóró wóró bí iyọ̀ oníhóró, ó sì dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tíì tí wọn ò tíì da mílíìkì sí.

Bí mo ṣe délé ni bàbá tó ń gbé ilé kejì sí wa jáde wá wò ó. Ó mi orí. "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Feki ni wọ́n fi síbẹ̀ fún yín. Gíláàsì gidi kì í rún bíi gààrí báyìí. Ṣé ẹ ò rí ti iwájú ni? Bí òkúta bà á, ó kàn máa ń là ni, kì í dà sílẹ̀."

Ohun kan náà ni mẹkáníìkì mi sọ lórí fóònù. Òun ti rí ọ̀nà àbáyọ pàápàá. "Mọ́mì, ẹ má dààmú ara yín. Ẹ jẹ́ ká lọ gé èyí tó nípọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù, ká lẹ tíńtì mọ́ ọn. Ìyẹn ò ní rún láéláé."

Lóòótọ́, kò ní rún. Ohun tó máa ṣe ló burú ju rírún lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Káàkiri Òṣogbo ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu àwọn tó ń fọ mọ́tò, àní lẹ́nu àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Gíláàsì tó rún wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè ní ayédèrú. Wọn ò mọ̀ pé rírún yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ojúlówó ni.

Gíláàsì tó wà níwájú ọkọ̀ àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe irú kan náà. Ti iwájú, gíláàsì fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi ike kan tó ń fà bíi rọ́bà sáàárín wọn. Tó bá fọ́, ike yẹn ló ń di gbogbo rẹ̀ mú. Ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1903, ìgò kan já bọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó fọ́ ṣùgbọ́n kò tú ká, torí pé èròjà ike kan ti gbẹ mọ́ ọn nínú. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà ní 1909. Iwájú ni irú gíláàsì yìí ti wúlò jù, kí òkúta kan ṣoṣo má baà fọ́ ojú awakọ̀ lójú eré, kí èèyàn má sì gba ibẹ̀ fò jáde tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn nínú irú ọkọ̀ wa yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Iná ni wọ́n fi sọ ọ́ di alágbára. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí, wọ́n á lu ihò tí wọ́n bá fẹ́ lù sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í bọ ààrò tó gbóná ju 600°C lọ. Bó bá ti ń jáde, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú níwájú lẹ́yìn. Ara rẹ̀ lóde á tètè gan, nígbà tí inú ṣì gbóná. Nígbà tí inú náà bá wá ń tutù, tó fẹ́ súnkì, òde ti le, kò lè tẹ̀ lé e mọ́. Inú á máa fa òde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì ṣe wà títí ọjọ́ ayé gíláàsì náà.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń fa awọ ìlù á tètè lóye èyí. Awọ tó dẹ̀, bí ẹ bá fi abẹ gún un, ihò kékeré lẹ máa rí. Èyí tí wọ́n ti fi ọṣán fà títí tó ń dún gan-an, ẹ fi ṣóńṣó abẹ kàn án, á ya láti etí dé etí. Bí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. Agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti gíláàsì lásán tí wọ́n jọ nípọn. Ẹ lè fi ìgbọ̀nwọ́ lù ú, ẹ lè pa ilẹ̀kùn dé gbàà, kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ohun líle tó mú bá wọ ara rẹ̀ kọjá ibi tó gan yẹn, ohun tí wọ́n ti fà látọjọ́ yìí já lẹ́ẹ̀kan náà, ó di wóró.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nínú òfin àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí gíláàsì ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Regulation 43, wọ́n máa ń fọ́ irú gíláàsì yìí láti dán an wò, wọ́n á sì ka wóró rẹ̀. Ní ojú ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú, 5 lóròó, wóró tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 40. Èyí tó bá fọ́ sí ńlá ńlá ni wọ́n ń kọ̀. Ohun tí a ń pè ní feki ní àdúgbò wa ni ilé iṣẹ́ ń gbìyànjú kó tó lè gbàṣẹ.

Ẹ wá wo gíláàsì wíńdò ilé. Ẹni tó bá ti gbá gíláàsì lúfà tó fọ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ: gígùn gígùn, ṣóńṣó ẹnu bí ọ̀bẹ alápatà, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti dé. Irú ìyẹn ni ẹni ẹlẹ́ni fẹ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọmọ mi. Ọkọ̀ kan kàn ní láti kọlù wá ní oríta Ọláìyá, gíláàsì tó "le" yẹn á wọlé tọ ọmọ ọdún mẹ́jọ wá. Mo sọ fún mẹkáníìkì pé rárá. Inú bí i díẹ̀, ó rò pé mi ò gbà á gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sílé, mo sì gbé wóró gíláàsì náà sí i lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ pa ọwọ́ dé." Ó pa á dé, ó ṣí i, ó wo ọwọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò tún dárúkọ wíńdò ilé mọ́.

Ohun kan tún wà tó rọrùn láti dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná sọ di alágbára, kò sí ẹni tó lè gé e mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè lu ihò sí i. Ẹ̀rọ kan kàn án báyìí, ó rún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé gíláàsì jókòó níwájú yín, tó fi ọ̀bẹ gíláàsì wọ̀n ọ́n, tó gé e kó lè bá ojú ilẹ̀kùn yín mu, ẹ dìde. Bó ti wù kó nípọn tó, gíláàsì ilé ni. Ti ọkọ̀ máa ń dé ní gígé ni, tòhun ti ihò rẹ̀.

Ẹ tún wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ máa rí àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ti Amẹ́ríkà máa ń ní DOT pẹ̀lú nọ́ńbà. AS1 ni ti iwájú, AS2 ni ti ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá kò dín ní ìdá 70 nínú 100, AS3 sì ni èyí tó dúdú jù bẹ́ẹ̀, tí òfin wọn gbà láàyè lẹ́yìn awakọ̀ nínú jíìpù. Lára ti Yúróòpù, ẹ máa rí lẹ́tà E nínú róbótó, pẹ̀lú 43R nítòsí. Bí igun náà bá mọ́ láìsí àmì kankan, ẹ má sanwó. Ẹni tó bá ní irú awò ojú tí àwọn apẹja fi ń ríran wọ inú omi, tí wọ́n ń pè ní polarised, kó wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án kó sì wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: á rí àmì tó-tò-tó tàbí ilà ilà nínú rẹ̀. Ipa atẹ́gùn tútù tí wọ́n fẹ́ sí i nìyẹn. Gíláàsì ilé kì í ní in.

Dúdú tó wà lára tèmi, inú gíláàsì ni wọ́n ti pò ó, kì í ṣe tíńtì tí wọ́n lẹ̀. Òfin Nàìjíríà lórí gíláàsì dúdú, ti 1991, kò torí ìyẹn kúrò nílẹ̀ o, kí olúkúlùkù wá ìwé rẹ̀.

Àwọn míì máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó fi Perspex, ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì, síbẹ̀. Ìyẹn kì í gé èèyàn bíi gíláàsì ilé, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni yanrìn àti àkísà á ti fá a, ẹ ò ní ríran gba ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà tó máa ń dùn mí. Gíláàsì lè fọ́ lóru nínú ọgbà, kí òkúta má bà á, kí ẹnikẹ́ni má sì sí nítòsí. Kíá, a ti pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Mo mọ obìnrin kan tí kò kí ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ látorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń fà á kò farasin fún àwọn tó ń ṣe gíláàsì. Nígbà míì, etí rẹ̀ ti sán díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí ilẹ̀kùn, oòrùn àti òtútù wá ń ṣiṣẹ́ lórí ibi tó sán náà títí á fi dé inú. Nígbà míì, hóró èròjà kan tí wọ́n ń pè ní nickel sulphide ló há sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kò ju ohun tí ojú fẹ́ẹ̀ má lè rí lọ, ṣùgbọ́n ó ń wú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó lè ti gíláàsì já láti inú wá. Ayálégbé yẹn ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọ̀gá oní-gíláàsì kan lọ́nà Gbọ̀ngán ló bá mi wá tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀, ní Mushin. Ó béèrè ọdún ọkọ̀, ó béèrè ilẹ̀kùn tó jẹ́, torí ìran àkọ́kọ́ Highlander, ti 2001 sí 2007, kò bá èyí tó tẹ̀ lé e mu. Nígbà tó dé, AS3 wà ní igun rẹ̀.

Mo dúró ti ọ̀gá náà títí ó fi ṣe é tán. Ó tú ìbòrí inú ilẹ̀kùn, ó rọra ṣí ike tó bo inú irin kúrò láìfà á ya, torí òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọnú ọkọ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, wóró gíláàsì tó kún agolo mílíìkì kan ló wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dé ilẹ̀kùn padà. Ihò kéékèèké wà ní ìdí ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde. Bí wóró bá dí i, omi òjò á dúró síbẹ̀, irin á dípẹtà. Ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo rẹ̀ jáde. Ó tún wé àkísà mọ́ ìka, ó fi tọ inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà lọ sókè sódò, lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹyọ kan péré tó bá kù síbẹ̀," ó ní, "òun ló máa sán etí tuntun yìí." Ó de bóòtù méjì tó di gíláàsì mú, kò de é pa. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dé ìbòrí padà.

Ẹni tó bá jẹ́ èyí tí kì í ṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù, ló fọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, gọ́ọ̀mù dúdú tó wà fún gíláàsì ọkọ̀ ni kó bèèrè. Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi fínígà máa ń jẹ irin. Kó má sì gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi omi alágbára fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́.

Kí n tó sanwó, mo ṣí ilẹ̀kùn náà, mo pa á dé, mo tẹ́tí. Kò sí ohun tó ń dún ṣàràṣàrà nínú rẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní kí Kẹ́hìndé wá jókòó sáyè rẹ̀.