Oje Igi Ló Kọ́kọ́ Di Hóró Oògùn Mú

Bí wọ́n bá ń pìtàn hóró oògùn, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀: pé ní 1843, William Brockedon gba ìwé àṣẹ ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì lórí ọgbọ́n tó fi ń tẹ oògùn lẹ́búlẹ́bú pọ̀ nínú mọ́ọ̀dù. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yìn ín ni pé kò lo góòmù, oje igi tó máa ń lẹ nǹkan pọ̀. Ẹ̀rí tèmi gan-an nìyẹn, pé oje igi ló ṣáájú ẹ̀rọ! Ta ni í yin èèyàn pé kò lo góòmù, bí kì í bá ṣe pé góòmù ni gbogbo ayé ń lò?

Ẹ gé ilá kan. Okùn tín-ín-rín tó ń tẹ̀ lé ọ̀bẹ yẹn, ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn tó mu omi yó ni. Bí a bá fi irú ẹ̀ po lẹ́búlẹ́bú, tó wá gbẹ, á so ẹyọ kan mọ́ èkejì. Mo gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ rí èyí kò wá a rí; bóyá àgúnmu ló ń dà nù lọ́wọ́ ẹ̀, tí oje sì ń kán lára igi nítòsí. Nínú ìwé ìṣègùn Ebers ti Íjíbítì, nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Kristi, oògùn róbótó wà níbẹ̀, igi acacia, tí góòmù ń ti ara ẹ̀ jáde, náà wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ọwọ́ tó mọ méjèèjì kò ní ṣaláì pa wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ góòmù pàápàá, Íjíbítì ló ti wá: àwọn Gíríìkì pè é ní kommi, àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di gummi. Tragacanth ní tiẹ̀, góòmù igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí Theophrastus, onímọ̀ ewéko ará Gíríìsì ayé àtijọ́, ti kọ̀wé nípa ẹ̀, "ẹ̀gún òbúkọ" ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Gíríìkì. (Igi tó fara gbọgbẹ́ ló ń sun góòmù, yíyọ̀ inú ilá kò dúró de ọgbẹ́.)

Tragacanth yìí náà ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun tí a fi ń lẹ eyín àtọwọ́dá ní 1947, kí penicillin, oògùn apakòkòrò, lè pẹ́ lára ẹran ẹnu. Ó ń mu itọ́, ó ń wú, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ń lọ́ mọ́ omi yíyọ̀ tó bo ẹnu nínú, oògùn sì ń jò jáde díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni cellulose, èyí tí wọ́n ń yọ lára ewéko, àti àwọn èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe gba ipò, torí pé oje igi máa ń bu, ti igi kan kì í sì í rí bákan náà pẹ̀lú ti òmíràn. Síbẹ̀, àwọn oníwádìí ṣì ń gbé ilá àti psyllium, èso wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án, sórí òṣùwọ̀n, bóyá wọ́n á lè di hóró oògùn mú.