Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Kọ́ Ló Ba Ẹ̀yìn Ìyá Ìkókó Jẹ́

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní ibùdó ìlera kan ní Ṣómólú, a tó mẹ́jọ tá a fún ara wa mọ́ orí bẹ́ńṣì kan. Wọ́n pe nọ́ńbà mi. Mo fẹ́ dìde, ẹ̀yìn mi gan, mo sì fọwọ́ ti ìbàdí. Ìyá tó jókòó tì mí kò bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó kàn ní, "Wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nígbà iṣẹ́ abẹ, àbí? Ẹ rọra o. Tèmi ti pé ọdún mẹ́rin, kò lọ. Kì í lọ." Àwọn tó kù mi orí. Èmi náà mi orí, torí ohun tí mo ti gbà lọ́kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Kò sí àdúgbò tẹ́ ẹ máa dé ní Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Bárígà, tẹ́ ò ní gbọ́ ọ: pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sẹ́yìn aboyún kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un máa ń ba ẹ̀yìn jẹ́ títí ayé. Mo mọ ẹni tó tìtorí rẹ̀ bẹ dókítà pé kí wọ́n kúkú fún òun ní oògùn oorun. Mo sì mọ ohun tí ìbẹ̀rù náà fi ojú èmi fúnra mi rí fún oṣù méjì. Kì í ṣe òótọ́. Ìrora náà wà o, ó sì ń dùn wọra. Ohun tí wọ́n ní ó fà á ni kì í ṣe òótọ́.

Okùn ńlá tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ sínú egungun ẹ̀yìn kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ibi egungun ìbàdí kìíní sí ìkejì ló ń parí sí. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni dókítà ń gún, níbi tí omi wà pẹ̀lú àwọn fọ́nrán iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ náà sì tín-ín-rín gan-an. Oògùn á pa ìsàlẹ̀ ara kú fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ, ara á sì jí. August Bier, dókítà kan ní Jámánì, ló kọ́kọ́ fi irú abẹ́rẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọdún 1898, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò lára wa. Àwọn olùwádìí sì ti fi àwọn ìyá tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nígbà ìrọbí wé àwọn tí kò gbà á, wọ́n tẹ̀lé wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìbímọ. Iye àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ní apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà lè ṣe wà. Ojú ibi tí wọ́n gún lè máa dùn fún ọjọ́ mélòó kan. Orí fífọ́ tún wà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́: tẹ́ ẹ bá dìde jókòó, á le, tẹ́ ẹ bá sùn sílẹ̀, á rọlẹ̀. Ìyẹn ní ìtọ́jú, ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Àwọn ewu tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, màá sì dárúkọ àmì wọn kí n tó parí.

Kí wá ló ń fà á? Nǹkan bí ìdajì àwọn aboyún ni ẹ̀yìn máa ń dùn kí wọ́n tó bímọ rárá. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún pé oṣù méje, débi pé ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jókòó nínú dáńfó láti Ṣómólú lọ sí Yábàá. Mo gbàgbé. Nígbà tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mo rí ohun tí mo lè dá lẹ́bi, mo sì pa gbogbo èyí tó ti wà ṣáájú rẹ́. Nínú oyún, oríkèé ìbàdí máa ń rọ̀ kí ọmọ lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹran ikùn á fẹ̀, á ya láàárín, kì í sì í tètè padà sípò. Ẹ̀yìn nìkan ló wá ń gbé ẹrù tí òun àti ikùn jọ ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò fiyè sí. Ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màmá, wà lọ́dọ̀ wa fún ogójì ọjọ́. Àwọn ló ń wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú gan-an ni ẹ̀yìn mi burú sí i. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, ṣé ọ̀sẹ̀ kìíní kọ́ ló yẹ kó le jù?

Físíò tí mo rí nílé ìwòsàn, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ìrora ara, ló là mí lójú. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, ó ká aṣọ ìnura bí ọmọ, ó ní, "Ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó wẹ̀ ẹ́." Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo da aṣọ náà dojúbolẹ̀ sórí ojúgun mi, mo tẹ̀ síwájú títí àgbọ̀n mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ní kí n dúró bẹ́ẹ̀. "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?" Mo ní ó tó ogún, tá a bá ka òróró pípa àti nína ọwọ́ nína ẹsẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?" Ẹ̀ẹ̀mejì. "Tẹ́ ẹ bá ń fún un lọ́yàn ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń gbé ọmọ wá bá ọyàn ni, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ lọ bá ọmọ?" Kí n tó dáhùn, ibi tó ń dùn mí gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, lápá ọ̀tún, ó fi bí ìka mẹ́ta jìnnà sí ojú ibi tí wọ́n gún. Abẹ́rẹ́ kankan ò dé ibẹ̀ rí.

Ìbẹ̀rù ló fìyà jẹ mí ju ẹ̀yìn lọ. Aago méjì òru, iná ti lọ, ọmọ ń mu ọyàn, fóònù ń tàn sí mi lójú, mò ń wá ohun tó ń ṣe mí kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan, jẹjẹrẹ egungun ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di kíndìnrín. Mo lọ ya fọ́tò egungun, wọn ò rí nǹkan kan. Ọkàn mi balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá wọn ò wò ó dáadáa.

Bí ìrora ṣe ń ṣiṣẹ́ lára wa dà bíi máígádì tí olè ti wọlé mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, kí ológbò ṣáà ti fò sórí páànù, á lu irin títí gbogbo àdúgbò á fi jí. Ariwo yẹn kì í ṣe àlá, etí gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí olè nínú ọgbà. Àìsùn máa ń jẹ́ kó tètè ta gìrì, ìbẹ̀rù náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé mo gbà pé ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́, mi ò fẹ́ tẹ̀, mi ò fẹ́ rìn. Ẹran ẹ̀yìn ń le sí i, ìrora ń pọ̀ sí i, èmi náà ń sọ pé, ẹ ò rí i, abẹ́rẹ́ náà ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ìyá 13 nínú 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láyé ni ìṣòro ìlera ọpọlọ máa ń bá jà, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Síbẹ̀, ẹ sọ fún ìyá ìkókó ní Èkó pé kó lọ bá dókítà ìlera ọpọlọ sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Yábàá lá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, torí a ti sọ orúkọ Yábàá di èébú. Ọdún 1907 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń dùn mí pé títí di òní, àwọn tó lè rí ìrànwọ́ níbẹ̀ ń yẹra fún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ọmọ yín wò pé ẹ̀rù ń bà yín, pé ẹ ò lè sùn kódà tí ọmọ bá sùn.

Físíò gbé ìwẹ̀ kúrò nílẹ̀: báàfù lórí tábìlì, èmi ní ìdúró, ọwọ́ mi kan kì í kúrò lára ọmọ. Ìrọ̀rí méjì lábẹ́ ọmọ tí mo bá ń fún un lọ́yàn, kí ẹ̀yìn mi fara ti ògiri. Ó kọ́ mi ní eré ìdárayá ikùn àti ìbàdí, ó ní kí n máa rìn lójoojúmọ́ kódà tó bá ń dùn díẹ̀. Mo ń lo parasítámọ́ọ̀ nígbà tó bá le. Kò dí ọyàn lọ́wọ́. Màmá ní kí n máa fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹ̀yìn. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, ó ń tura, àmọ́ ẹ má ṣe gbé omi híhó sún mọ́ ojú iṣẹ́ abẹ. Fóònù ló nira jù: mò ń fi í sí yàrá kejì lóru, mo sì ń kọ ìbéèrè mi sínú ìwé títí di ọjọ́ tí mo bá máa rí dókítà.

Àwọn àmì kan wà tí kì í ṣe ti àpótí ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ tó rọ tàbí tó kú, abẹ́ tó kú, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí kò ṣeé dá dúró, ẹ̀yìn tó ń dùn pẹ̀lú ibà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dùn, àyà dídùn tàbí èémí tí kò já gaara, orí tó ń fọ́ gidigidi tí ojú sì ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì láàárín wákàtí kan. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì. Tó bá sì ń wá sí yín lọ́kàn láti ṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe, ẹ pe ẹnì kan sọ́dọ̀, kẹ́ ẹ jọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó ṣàkíyèsí pé mo ti dìde láì fọwọ́ ti ìbàdí. Nígbà tí mo lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ìyá ìkókó kan wà lórí bẹ́ńṣì yẹn kan náà, tó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn. Mo kí i pé ó kú ọwọ́ lómi. Mo bi í pé, "Ta ló ń bá yín wẹ ọmọ?"

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà síbi iṣẹ́."

Mo sún fún un kó lè fẹ̀yìn ti ògiri.