Sẹ́ńsọ̀ Kíráńkì Ló Gbóná, Kì í Ṣe Ìyá Àgbà Ló Mú Ọkọ̀ Yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da òróró àdúrà sórí ẹ́ńjìnnì. Eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wọnú ẹnu wáyà, èmi rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni n ó sì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò kí n tó rí ohun tí mò ń wá.

Ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá kì í yàtọ̀. Ọkọ̀ jáde nílé láàárọ̀, kò sí wàhálà. Ó wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ara rẹ̀ gbóná, ó sì kú fin. Wọ́n sítáàtì títí, kò dáhùn. Wọ́n pe wòlíì lórí fóònù (ẹlòmíì, ààfáà ni), wòlíì gbàdúrà bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n ti bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ tún kú, wọ́n sì ti ń wo ìyá àgbà kan lábúlé lójú burúkú.

Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn náà ni sẹ́ńsọ̀ fi ń tutù.

Sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ni mò ń wí. Kíráńkì ni irin ńlá tí písítìnì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì; sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ibi tí písítìnì wà àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí. Ẹ wo Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro: wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ náà, pẹ̀lú máńẹ́ẹ̀tì. Ó dojú kọ àwo eléyín kan tó ń bá kíráńkì yí. Eyín 34 ló wà lára àwo náà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè eyín méjì sílẹ̀ lófìfo. Bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá, iná kékeré ń ti inú sẹ́ńsọ̀ lọ sínú brain box. Bí àyè òfìfo yẹn bá kọjá, brain box á mọ ibi tí ó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àmì yìí ló fi ń mọ ìgbà tí yóò ta iná sí púlọ́ọ̀gì àti ìgbà tí yóò fọ́n epo. Bí ìyáàlù bá dákẹ́, oníjó á dúró.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí, nítòsí púlì kíráńkì, níbi tí ooru ti ń bá a jà lójoojúmọ́. Tó bá dàgbà, wáyà tín-ín-rín yẹn á sán. Nígbà tó bá tutù, ojú ibi tó sán ṣì ń fara kanra. Bí ooru bá mú un, ohun gbogbo inú rẹ̀ á wú, ojú ibẹ̀ á yà, àmì á gé, ọkọ̀ á kú. Ó tutù, ó tún kanra. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ mi tí kò ní ṣe nǹkan kan, tí ẹ ó máa wí pé ọkọ̀ yín mọ ojú rìwáyà.

Àwọn tó ń bí mi nínú ju wòlíì lọ ni àwọn tó ń pe ara wọn ní mẹkáníìkì, tí wọ́n ń fi owó yín dánra wò. Wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á pààrọ̀ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á ra pọ́ǹpù epo, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ wọ́n á ní brain box ló jóná. Brain box wo ló ń jóná láàárọ̀ tó ń jí lọ́sàn-án?

Bí ọkọ̀ bá kú, ẹ sítáàtì, kí ẹ sì wo abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí abẹ́rẹ́ náà kò mira rárá, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Pọ́ǹpù epo tó ń kú lọ sábà máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ fà tìkọ̀ ná. Sẹ́ńsọ̀ kíráńkì sábà máa ń kú láì kìlọ̀. Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, lè gbé P0335, kódù sẹ́ńsọ̀ kíráńkì, jáde, ó sì lè dákẹ́. Kódù yẹn pàápàá kì í ṣe ìdájọ́, nítorí wáyà tí eku jẹ lè gbé e jáde. Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ wọn sẹ́ńsọ̀ náà ní tútù, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbóná, ẹ fi wé nọ́ńbà inú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín. Bó bá ń ka OL (ìyẹn ni pé wáyà inú rẹ̀ ti gé) nígbà tó gbóná, ó ti kú.

Ẹ tún ń bi mí bóyá a lè fọ̀ ọ́. Wáyà tó ti sán kò ṣe é fọ̀. Sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn, MAF tó wà lórí àpótí fílítà, ni à ń fọ̀, òògùn ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún un nìkan la sì ń fọ́n sí i. Kì í ṣe pẹtiróòlù, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

Pípààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kíráńkì kò le fún ẹni tó ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ orí bátìrì. Bóòtù kan péré ni, sípánà 10. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti lẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá fi sukudiráfà já a, tó sì ṣẹ́ sínú, owó iṣẹ́ mi yàtọ̀. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà ara tuntun, kí ẹ sì dá wáyà rẹ̀ padà sínú gbogbo kílíìpù rẹ̀, kó má baà lọ fara kan bẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù. Wọ́n á gbé e fún yín ní Ládípọ̀ tàbí ní Agodi Gate ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ooru tó pa tiyín ti jẹ òun náà lára.

Oníbàárà kan wà tí mo sọ gbogbo èyí fún. Ó ní àna òun ló ń bá òun jà, òun ti ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Ó gbéra lọ sí Èkó lálẹ́, ọkọ̀ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí Long Bridge, ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ rántí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, sítíárì á le, búrèkì náà á le lẹ́yìn títẹ̀ bíi mélòó kan. Kò rí i wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àbúrò rẹ̀ ṣì jókòó sínú. Tírélà kan kò tètè rí wọn. Àbúrò náà kò kú, ṣùgbọ́n igi ló fi ń rìn títí di òní.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ lo ìwọ̀n eré tó kù láti fà á sápá ọ̀tún. Ẹ tan iná ìkìlọ̀. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọjá sẹ́yìn irin ojú ọ̀nà, kí ẹ sì gbé C-caution, àmì pupa onígun mẹ́ta, jìnnà sẹ́yìn ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́bàá bọ́ńpà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lè dúró.