Agbára wíńṣì kì í dúró lójú kan: bí a ṣe ń yan èyí tí yóò yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé Hilux tàbí Prado wọ ọ̀nà oko ní Akínyẹlé, Ìdó tàbí Ọ̀nà Àrà ní agbègbè Ìbàdàn mọ ohun tí ilẹ̀ pupa máa ń ṣe sí táyà lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà: ẹrẹ̀ yóò dí gbogbo ojú táyà, táyà yóò sì máa yí lójú kan títí ọkọ̀ yóò fi jókòó lórí ikùn rẹ̀. Wíńṣì oníná tí a dè mọ́ iwájú ọkọ̀ wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ iná kan ń gba inú gíà yí àgbá, okùn ń wé mọ́ àgbá náà, ọkọ̀ sì ń fa ara rẹ̀ lọ sí ìdí igi tí a so okùn mọ́. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú ìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a dúró tì ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rà á, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba okùn díẹ̀ péré ni ó jẹ́ òtítọ́ fún.

Kí a kọ́kọ́ mọ iye agbára tí a nílò. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a mú ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti èrò inú rẹ̀, kí a sì fi ìdajì rẹ̀ kún un. Hilux tí ó ru ẹrù dáadáa máa ń tó nǹkan bí kílò 3,000, nítorí náà wíńṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fa nǹkan bí kílò 4,500. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ yìí fi sábà máa ń yàn láàárín pọ́n-ùn 9,500, tí í ṣe kílò 4,300, àti pọ́n-ùn 12,000, tí í ṣe kílò 5,400. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Nínú ìlànà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń yọ ọkọ̀, bí ẹrẹ̀ kò bá kọjá àárín táyà, agbára tí a nílò tó ìwúwo ọkọ̀ náà gan-an. Bí ó bá gòkè dé ara ọkọ̀ lókè táyà, ó di ìlọ́po méjì. Hilux yìí kan náà yóò wá bèèrè kílò 6,000, a kò sì tíì ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó bá ní láti gùn mọ́ ọn. Wíńṣì pọ́n-ùn 12,000 pàápàá kò lè dá nìkan fa ìyẹn.

Ohun tí wọn kì í kọ gàdàgbà sí ara páálí ni pé ìpele àkọ́kọ́ okùn, èyí tí ó fara kan àgbá, nìkan ni nọ́ńbà náà wà fún. Ẹ wo fọganáísà tí ń tú nọ́ọ̀tì táyà tí ó ti ganpa lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó. Bí sípánà kò bá ràn án, yóò ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà náà, yóò sì tẹ̀ ẹ́ láti ìparí páìpù. Agbára apá rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì yóò tú, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti jìnnà sí àárín. Nínú wíńṣì, ẹ̀rọ iná ni ó wà ní àárín níbi tí nọ́ọ̀tì wà, ẹrẹ̀ ni ó sì di ìparí sípánà mú, tí ó ń fà á sẹ́yìn. Nígbà gbogbo tí okùn bá tún wé lé orí okùn, a ti fi páìpù mìíràn kún èyí tí ẹrẹ̀ mú lọ́wọ́. Bí àgbá bá fi máa kún, páìpù ẹrẹ̀ ti gùn débi pé ẹ̀rọ iná yóò kàn máa ké, yóò máa gbóná, ọkọ̀ kò sì ní mira. Wíńṣì náà kò bàjẹ́, ẹni tí ó tà á kò sì ta ayédèrú. Ẹrẹ̀ ni ó rí páìpù gígùn dì mú.

Kí a fi iye sí i. Ká ní àgbá wíńṣì pọ́n-ùn 9,500 gùn ní mìlímítà 220, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 64 bí a bá wọ̀n ọ́n gba àárín kọjá, tí okùn rẹ̀ sì nípọn ní mìlímítà 10. Àárín okùn ìpele àkọ́kọ́ yóò jìnnà sí àárín àgbá ní mìlímítà 37. Okùn tí ó wà lókè máa ń wọ àárín méjì tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí mìlímítà 8 kún un: yóò di 45, lẹ́yìn náà 53, lẹ́yìn náà 61. Bí agbára tí ẹ̀rọ fi ń yí àgbá kò bá yí padà, kílò 4,300 ti ìpele àkọ́kọ́ yóò di nǹkan bí 3,500 ní ìpele kejì, 3,000 ní ìkẹta, àti 2,600 ní ìkẹrin.

Ìpele kẹrin yìí ni ó wà lókè pátápátá, òun sì ni a kọ́kọ́ ń tú. Mítà 8 àti díẹ̀ tí a bá kọ́kọ́ fà jáde, láti ibẹ̀ ni ó ti wá. Mítà 7 àti díẹ̀ wá láti ìkẹta, 6 àti díẹ̀ láti ìkejì. Ó di ìgbà tí okùn bá jáde tó nǹkan bí mítà 22 kí ìpele àkọ́kọ́ tó yọjú. Mítà 5 péré ni okùn ibẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ tú u tán, nítorí pé ó kéré tán ìyípo 5 okùn irin, tàbí ìyípo 10 okùn ọ̀rá, gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sára àgbá kí okùn má baà yọ kúrò ní ìdí. Nínú okùn mítà 27, nǹkan bí mítà 3 sí 4 ni ó ní agbára tí wọ́n kọ sára wíńṣì. Ẹni tí ó so okùn mọ́ ọ̀pẹ tí ó wà ní mítà 6 sí iwájú ọkọ̀, tí inú rẹ̀ dùn pé igi wà nítòsí, ti yan ibi tí wíńṣì rẹ̀ ti rẹ̀ jù.

Kò tọ́ kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ìpele àkọ́kọ́ nìkan ṣe orúkọ ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó bìkítà máa ń tẹ agbára ìpele kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìlò, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ kì í sábà bá ìwé rẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wá wíńṣì tòkunbọ̀ ní Aráròmí, ní Agodi Géètì, mú tépù dání, kí o wọn àgbá àti okùn, kí o sì ṣe ìṣirò tí ó wà lókè yìí kí o tó dúnàá dúrà.

Púlì, ìyẹn àgbá kékeré tí ń yí, tí okùn ń gba ara rẹ̀ ṣẹ́rí padà, ni ọgbọ́n tí ó wọ́ gbogbo rẹ̀ padà sọ́nà, ó sì yani lẹ́nu pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wíńṣì. Ká ní igi wà ní mítà 10. Bí a bá so okùn mọ́ ọn ní tààrà, ìpele kẹta ni a wà, kílò 3,000 ni a sì ní. Bí a bá so púlì mọ́ igi náà, tí okùn gba inú rẹ̀ padà wá sí ìkọ́ tí ó wà lára ṣáásì ọkọ̀, mítà 20 ni okùn tí ó jáde. A ti sọ̀kalẹ̀ dé ìpele kejì, okùn méjì sì ni ó ń fa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlọ́po méjì 3,500 jẹ́ 7,000, púlì yóò sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ìfarakanra. Igi kan náà ni, wíńṣì kan náà ni, Hilux tí ń bèèrè 6,000 sì lè jáde. Ọkọ̀ yóò máa rìn ní ìdajì eré tí ì bá fi rìn, ìyẹn kò sì burú nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n igi, púlì àti bẹ́líìtì tí a fi so ó ni ó ń gba ìlọ́po méjì náà sára, nítorí náà púlì àti bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ lè ru ju ohun tí wíńṣì ń fà lọ, igi sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ dájú. Igi tíìkì tí ó dàgbà, irú èyí tí wọ́n gbìn sínú igbó ìjọba ní Gàḿbàrí, yóò gbà á. Igi kòkó kò ní gbà á. Kí bẹ́líìtì fẹ̀, kí ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ilẹ̀.

Ibi kejì tí nọ́ńbà ńlá ti ń tan ènìyàn ni bátìrì. Wíńṣì tí ń fa dé góńgó lè gba áḿpù 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní fóòtì 12, bẹ́ẹ̀ ni ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún bátìrì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ju nǹkan bí áḿpù 80 sí 130 lọ. Bátìrì ni ó ń san ìyókù. Bí rẹwáyà bá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, rọ́bà wáyà yóò rọ̀, yóò máa rùn, fóòtì yóò sì ti wálẹ̀ kí iná tó dé ẹ̀rọ. Wáyà tí ó bá wíńṣì wá, tí ó nípọn tó ìka ọwọ́, ni kí wọ́n lò, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí a sì fà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí a tó jẹ́ kí ó sinmi. Púlì tún ń ṣe àǹfààní níbí, nítorí pé bí ẹrù orí okùn bá dín kù, áḿpù tí ẹ̀rọ ń gbà náà á dín kù. Ẹ̀rọ tí òòfà lásán wà nínú rẹ̀ dín owó, kì í sì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ooru ń dín agbára òòfà kù. Èyí tí wáyà ń ṣe iṣẹ́ òòfà nínú rẹ̀ ni ó yẹ ẹni tí yóò máa fa ẹrù wúwo fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti okùn, okùn irin kò bẹ̀rù iyanrìn, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń dípẹtà, bí ó bá sì já, ó lè gé ènìyàn. Kí a da aṣọ wúwo lé e láàárín, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró nítòsí rẹ̀. Okùn ọ̀rá bíi Dyneema fúyẹ́, kì í fi ipá fò padà tó bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì dára jù fún ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀: oòrùn àti yanrìn ilẹ̀ pupa ń jẹ ẹ́, ìwọ̀n ooru 150 ti Celsius sì ti tó láti yọ́ ọ. Nínú ọ̀pọ̀ wíńṣì, inú àgbá gan-an ni búréèkì wà, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi wíńṣì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń se okùn ọ̀rá rẹ̀ láti inú.

Irú okùn yòówù kí ó jẹ́, bí a bá ti jáde nínú ẹrẹ̀, kí a fi omi fọ̀ ọ́, kí a tú u sílẹ̀ títí yóò fi ku iye ìyípo tí a kò gbọdọ̀ tú, kí a so ìparí rẹ̀ mọ́ nǹkan tí ó dúró ṣinṣin, kí a fi ẹsẹ̀ kan búréèkì ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí wíńṣì sì fa ọkọ̀ náà lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Okùn tí a wé láìsí ẹrù lórí rẹ̀ máa ń dẹ̀, ìpele òkè yóò sì ya wọ àárín ti ìsàlẹ̀ ní ìgbà tí a bá tún fà á.